Lítà Kan, Kìlómítà Mélòó? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Ọlọ́kadà

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lẹ́tà lórí epo ló ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. A mú díẹ̀ nínú wọn lóṣù yìí.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Suzuki V-Strom 650 ni mò ń gùn, táǹkì rẹ̀ ń gba 20 lítà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ká yà wo ìṣàn-omi Òwu nígbà tá a bá ń bọ̀. Ẹrù yóò wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó ta ọ̀kadà fún mi ní yóò rin 500 kìlómítà kí epo tó tán. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí epo mi lè gbé mi dé?* (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Àbúrò wa, ẹ má gbọ́kàn lé 500 yẹn, àgàgà pẹ̀lú ẹrù. Kí 20 lítà tó rin 500, lítà kan gbọ́dọ̀ rin 25, kí ẹ sì lo epo náà dé ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn. Ẹ lè rí 25 lójú títì tó tẹ́jú, ní ìwọ̀n eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, láìru nǹkan kan. Ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ má dé rárá. Ọ̀kadà tó ń lo ínjẹ́tọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) bíi tiyín, inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo rẹ̀ wà, epo tó yí i ká ló sì ń jẹ́ kó tutù. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí táǹkì gbẹ léraléra ń jó pọ́ǹpù náà lẹ́mìí díẹ̀díẹ̀ ni, owó pọ́ǹpù tuntun sì ju owó epo lọ fíìfíì.

Iye tó jẹ́ ti ọ̀kadà yín gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán níbi tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ bu epo títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ọrùn táǹkì, ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹ dúró níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé e dúró ṣánṣán lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ wá dà á sórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, epo tó máa wọlé á yàtọ̀, ìṣirò sì ti dojú rú nìyẹn. Ẹ dá mítà ìrìn-àjò padà sí òdo. Ẹ gùn ún bẹ́ ẹ ṣe máa ń gùn ún, ó kéré tán 150 kìlómítà, torí pé àṣìṣe ìdajì lítà pọ̀ gan-an lórí 2 lítà, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀ lórí 9. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, sí ẹ̀rọ kan náà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ bu epo dé ojú ibi tẹ́ ẹ bù ú dé tẹ́lẹ̀. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tẹ́ ẹ rìn. Bí mítà bá ní 216, tí ẹ̀rọ sì ní 9.6 lítà, lítà kan rin 22.5.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ ṣe é: lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgboro, lẹ́ẹ̀kan lójú títì lọ́wọ́ òfo, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹrù tẹ́ ẹ máa rù gan-an. Ká ní 20.8, 22.5 àti 19.2 lẹ rí. Èyí tó kéré jù, 19.2, ni kẹ́ ẹ mú lọ sí ìrìn-àjò. Ìpíndọ́gba kò wúlò fún ẹni tí epo tán mọ́ nínú igbó. Ẹ yọ 3 lítà tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kàn kúrò nínú 20, ó ku 17. Ìlọ́po 19.2 lọ́nà 17 jẹ́ 326. Ọ̀kadà tí wọ́n ní ó ń rin 500 ti di ti 325 nìyẹn. Síbẹ̀, láti 250 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá epo, torí rírí tẹ́ ẹ rí ilé epo lójú ọ̀nà kò ní kí epo wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ débẹ̀. Ẹ bu kún un ní Òmù-Àrán kẹ́ ẹ tó yà sọ́nà ìṣàn-omi, bí táǹkì tiẹ̀ ṣì ju ìdajì lọ.

Nǹkan méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ẹ má fọkàn tán ìlà epo tó wà lójú aago. Táǹkì ọ̀kadà kò rí gbọọrọ bí àpótí. Ó gbòòrò lókè, ó pín sí méjì nísàlẹ̀, torí ó gun férémù bí gàárì ṣe ń gun ẹ̀yìn ẹṣin. Ìdí nìyí tí ìlà àkọ́kọ́ fi máa ń pẹ́ kó tó kúrò, tí méjì tó gbẹ̀yìn á sì pòórá kíá. Èkejì, ọ̀kadà tí epo rẹ̀ kì í gbé e jìnnà nínú ẹ̀yin mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ti ọ̀rẹ́ yín kan bá jẹ́ 200, ìrìn-àjò oní-200 ni gbogbo yín ń rìn.

*Bí mo bá ń sá 80, lítà kan ń gbé mi rin 24. Bí mo bá sá a dé 110, kì í ju 19 lọ. Mẹkáníìkì mi ní ká tú ẹ́ńjìnnì.* (Òǹkàwé kan, Ọ̀fà)

Ẹ má jẹ́ kó tú nǹkan kan. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Ọlọ́fà. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ epo yín. Bí eré bá ń pọ̀, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ènìyàn sẹ́yìn kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Ìwọ̀n eré nílọ̀ọ́po ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Láti 80 sí 110, eré lọ sókè díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ipá afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀wù tí kò fún mọ́ra, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, ń dá kún un. Àpótí méjì tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ń dá kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà bí kò bá sí nǹkan kan nínú wọn. Ẹ tú wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò bá rẹrù.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀nà 80 kìlómítà, wákàtí kan lẹ máa fi rìn ín ní 80, bíi ìṣẹ́jú 44 ní 110. Ìṣẹ́jú 16 lẹ jèrè, lítà epo kan ó dín díẹ̀ lẹ fi rà á. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.

*Bajaj Boxer ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Tẹ́lẹ̀, lítà kan ń gbé mi rin bíi 45 kìlómítà. Ní báyìí, 32 ló kù. Wọ́n ti yí síkúrù ara kábúrétọ̀ títí, kò sí àyípadà.* (Bàbá ọlọ́kadà kan, Òmù-Àrán)

Bàbá, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, sílẹ̀ ná. Ohun tí kò ná yín lówó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì àárín, ẹ yọ jíà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí lọ díẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó dúró. Bó bá dúró gbáà bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀, bíréèkì ń fà á. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n fa ṣéènì. Láti fa ṣéènì, wọ́n ní láti ti táyà sẹ́yìn, bí táyà bá sì lọ sẹ́yìn, ọ̀pá bíréèkì á le. Ẹni tó fa ṣéènì tí kò dẹ bíréèkì padà ti gbé ẹrù lé yín lórí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ kan họ́ọ̀bù àárín táyà ẹ̀yìn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sáré tán. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, ẹ ti rí olè epo yín. Ṣéènì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ sókè sódò bíi mílímítà 25 sí 35 láàárín, kí òróró sì wà lára rẹ̀. Èyí tó gbẹ, tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ń jẹ agbára.

Táyà ló kàn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ọ̀kadà tó jáde, torí afẹ́fẹ́ inú táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju òótọ́ hàn. Iye tó yẹ fún ẹni kan àti fún ẹni méjì wà nínú ìwé ọ̀kadà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé èrò, ti ẹni méjì ni kẹ́ ẹ máa lò.

Lẹ́yìn náà ni fílítà afẹ́fẹ́. Láti oṣù Kọkànlá, tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku ọ̀nà abúlé ò jẹ́ kó pẹ́ kó tó dí. Bí afẹ́fẹ́ ò bá tó, epo inú ọ̀kadà oníkábúrétọ̀ á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì gba ẹ̀yìn jáde láìjó. Bí tiyín bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fún un láìlọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ kán òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ bébà, ẹ má fi omi tàbí òróró kàn án. Ẹ fẹ́ ẹ láti inú síta, bó bá sì ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ tó ti lò pẹ́, ara rẹ̀ le. Bó bá dúdú bí èédú ìsàlẹ̀ ìkòkò, epo ń pọ̀ jù. Ẹ wo ṣóòkù, èyí tẹ́ ẹ máa ń fà kí ẹ́ńjìnnì tútù lè ṣiṣẹ́, nígbà náà: ṣé ó ń padà sílẹ̀ pátápátá, àbí ó há sí ìdajì? Ẹ yọ ọ̀pá òróró ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tí òróró sì ń ga sí i dípò kó máa wálẹ̀, abẹ́rẹ́ fúlóòtù, tó ń dí ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀, ò dé ẹnu ọ̀nà mọ́, epo ń kún wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gùn ún mọ́ títí wọn ó fi pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà àti òróró, torí òróró tí epo ti là kò lè dáàbò bo irin.

Bí gbogbo èyí bá dára ni kí wọ́n tó tú kábúrétọ̀. Ohun kan sì wà tá a bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gbà fún wọn: kí wọ́n ti wáyà bọ inú jẹ́ẹ̀tì, ẹnu kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lọ. Wáyà irin á họ ọ́, ihò á fẹ̀, bó bá sì ti fẹ̀, kò sí síkúrù tó lè dá a padà. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiyín rí, jẹ́ẹ̀tì tuntun oní-nọ́ńbà kan náà ni àtúnṣe rẹ̀. Atẹ́gùn ni kí wọ́n fi fẹ́ ẹ.

*Bí mo bá kúrò ní Ìlọrin pẹ̀lú táǹkì kíkún, ọ̀kadà mi á máa lọ dáadáa, á wá kú lójú ọ̀nà bíi pé epo tán. Bí mo bá ṣí ìdérí táǹkì wò ó, tí mo tún dé e, á tún ṣiṣẹ́. Epo ṣì wà níbẹ̀.* (Àǹtí kan, Ìgbàjà)

Àǹtí wa, ẹ ti fọwọ́ ara yín tún un ṣe láìmọ̀. Bí epo bá ń jáde nísàlẹ̀ táǹkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ihò kékeré inú ìdérí wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bí eruku bá dí ihò yẹn, táǹkì á fà mọ́ epo, epo ò ní lè ṣàn mọ́. Bó bá tún kú, ẹ gbé etí súnmọ́ ìdérí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i: ẹ óò gbọ́ *ṣíìì*, ìró afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹ yọ ìdérí, ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ ihò náà láti inú síta.

Ẹ má sì kún táǹkì dé ètè òkè láti fi rìn jìnnà. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, epo á wú ní bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. 20 lítà tẹ́ ẹ bù láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá gbé sínú oòrùn ọ̀sán títí ooru rẹ̀ fi fi ìwọ̀n 20 lé, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lítà 0.4 pọ̀ sí i, ilẹ̀ ló sì máa dà sí.

*Ṣé òótọ́ ni pé bí mo bá yọ jíà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo á dínkù?* (Òǹkàwé kan, Òkè-Onígbìn)

Rárá fún ọ̀kadà onínjẹ́tọ̀. Bí ẹ bá wà nínú jíà tẹ́ ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò lórí iná (ohun tẹ́ ẹ fi ń fi kún eré), kọ̀ǹpútà rẹ̀ á gé epo. Bẹ́ ẹ bá yọ jíà, ó gbọ́dọ̀ máa fún un lépo kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Lórí oníkábúrétọ̀, èrè rẹ̀ kéré, bíréèkì nìkan ló sì máa kù tẹ́ ẹ fi ń dá ẹrù dúró lórí òkè yẹn. Ẹ wà nínú jíà.

*Mo fẹ́ gbé epo sínú kẹ́ẹ̀gì dání, kí n lè jìnnà sí i.* (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo bẹntiróòlù ni kẹ́ ẹ rà. Ti òróró ẹ̀pà fẹ́lẹ́, ìdérí rẹ̀ á sì máa jò. Inú oní-lítà 5, 4.5 ni kẹ́ ẹ bù sí i, kó lè ráyè wú. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí nígbà tí wọ́n bá ń bu epo sí i, kì í ṣe orí ọ̀kadà, torí iná tí kò hàn lè ta láàárín ike àti ẹnu pọ́ǹpù. Ẹ dè é mọ́ ẹ̀yìn, kó jìnnà sí èéfín. Kí táǹkì má tíì wálẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó lò ó: gbàrà tó bá ti ráyè fún lítà 5, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ dà á, kẹ́ ẹ máa gbé kẹ́ẹ̀gì òfo lọ. Ní 19.2 lórí lítà kan, bíi 86 kìlómítà lẹ fi kún un.

Bó bá jẹ́ epo ẹ̀bá títì lẹ rà, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Omi á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ óò rí ìlà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ tún kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun. Epo gidi á gbẹ kíá, kò ní fi àmì sílẹ̀. Èyí tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ kẹrosíìnì á fi ojú òróró sílẹ̀ níbi tó kán sí. Ẹ dá a padà fún wọn.