Ìbéèrè Òǹkàwé: Òdòdó gíláàsì inú iléru

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí, láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọbà-Ilé.

Mo fi gíláàsì lúfà ṣe ìpìlẹ̀, mo sì to gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n bá mi rà láti òkè òkun lé e lórí bí ewé òdòdó. Ó jáde dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ kẹta ó dédé ya sí méjì lórí tábìlì. Ṣé iléru ló fà á ni? (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Iléru yín ò lẹ́bi. Gíláàsì méjèèjì ni kò bára mu. Gbogbo gíláàsì ló ń fẹ̀ bí iná bá mú un, tó sì ń súnkì bó bá ń tutù, ṣùgbọ́n wọn kì í súnkì bákan náà. Àwọn tó ń ta gíláàsì fún iṣẹ́ iléru máa ń kọ nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń fẹ̀ tó sí i lára, 90 tàbí 96. Gíláàsì fèrèsé àti lúfà tiwa kò ju nǹkan bíi 83 sí 87 lọ. Bí ẹ bá yọ́ wọn pọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tutù ni ọ̀kan á máa fa èkejì, ìfà náà kì í sì í tán. Ó lè fọ́ lọ́jọ́ kejì, ó lè dúró di oṣù mẹ́fà.

Ẹ lè rí ìfà yìí kí ó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ tan láptọ́ọ̀pù, kí ojú rẹ̀ funfun. Ẹ mú awò dúdú tí wọ́n kọ *polarised* sí, ẹ yí i síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀ títí ojú láptọ́ọ̀pù á fi ṣókùnkùn. Wàyí, ẹ ki òdòdó yín sáàárín méjèèjì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí ewé kan ká bí ìgbà tí òṣùpá bá ta àgbàlá, ewé yẹn àti ìpìlẹ̀ ò bára mu, tàbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà yára tutù jù. Ẹ má tà á fún oníbàárà.

Ohun tí a gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí gbogbo òdòdó kan ti ara awẹ́ lúfà kan náà wá, kí ẹ sì fi àwọ̀ kún un fúnra yín. Ẹ wọ́n *cobalt oxide* díẹ̀, ìwọ̀nba tí orí ọ̀bẹ kékeré lè gbé, sáàárín gíláàsì méjì, á fún yín ní àwọ̀ aró. Bó bá pọ̀ jù, á dúdú, á sì hó. *Copper carbonate* ń mú àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé wá. Ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń wọ́n ọn. Kóbáàlì yìí náà wà lára ohun tó ń fún ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró Ilé-Ifẹ̀ ní àwọ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń ṣe gíláàsì ní Igbó Olókun. Inú wa máa ń dùn láti rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa.

Ìgò ọtí aláwọ̀ ewé dára fún ewé àti igi òdòdó, ṣùgbọ́n ìgò ò bá lúfà mu. Ẹ yọ́ ti ìgò lọ́tọ̀, kí ẹ fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdòdó lẹ́yìn tí méjèèjì bá ti tutù.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n iná wo ni kí n lò fún lúfà oní-mìlímítà 5, ìpìlẹ̀ kan àti ewé kan lórí rẹ̀? Òdòdó mi sì máa ń ní ìkùukùu funfun lójú. (Oǹdó)

Ẹ mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, 120°C ní wákàtí kan, títí dé 650°C. Kí ó dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ abẹ́ ewé ráyè jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yára dé 780°C, ìṣẹ́jú 10 níbẹ̀ ti tó: ewé á lẹ̀, etí rẹ̀ á rọ̀, ìrísí rẹ̀ ò sì ní parẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yọ́ pẹrẹsẹ, ó di nǹkan bíi 830°C. Iléru kò jọra, ẹ máa yọjú wò ó.

Bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kó já wá sí 550°C láì ṣílẹ̀kùn, kó sinmi níbẹ̀ fún wákàtí 3. Kí ó wá máa já ní 25°C ní wákàtí kan dé 430°C, lẹ́yìn náà 50°C ní wákàtí kan dé 300°C, kí ẹ tó pa á. Ó pẹ́, a mọ̀. Ibi tí ewé wà lórí ìpìlẹ̀ nípọn, ibi tó kù fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́ sì fẹ́ tutù ṣáájú. Ẹ ní láti fún èyí tó nípọn láyè kó bá a dọ́gba.

Ní ti ìkùukùu, gíláàsì ló ń dì padà bí iyọ̀ bó bá pẹ́ láàárín 700 sí 800°C, ìdọ̀tí àti òróró ìka sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi omi àti sípírítì díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì di etí rẹ̀ nìkan mú. Ṣíbí tíì *borax* kan nínú ife omi gbígbóná, tí ẹ fín sí i lára kó tó wọ iléru, ń dín in kù.

Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ wà nínú iléru ńkọ́? (Ọbà-Ilé)

Ẹ má ṣílẹ̀kùn. Ẹ dí gbogbo ihò. Bí iná bá dé nígbà tí ó ṣì gbóná, ẹ mú un gbóná padà sí 550°C ní 100°C ní wákàtí kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi wákàtí 3 náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tutù tán, tí kò sì fọ́, ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n ní 60°C ní wákàtí kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e: iléru oní-kílówáàtì 2.2 ń fa ámpíà 10 lórí iná fólítì 220.

Mo fẹ́ kí òdòdó mi tẹ̀ bí ife. Mo da gíláàsì bo ife amọ̀, ó sì sán. (Alágbàkà, Àkúrẹ́)

Gíláàsì ń súnkì ju amọ̀ lọ, ó sì fún mọ́ ife náà títí ó fi sán. Inú àwo amọ̀ ni kí ẹ ti jẹ́ kí ó tẹ̀, tàbí kí ẹ dà á bo ife irin tí kì í dípẹtà, nítorí irin ń súnkì ju gíláàsì lọ, á sì bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnu ife náà fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ mú irin náà gbóná díẹ̀ kí ẹ tó fi ẹfun tí a ń fi kun pẹpẹ iléru kí gíláàsì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ó gbẹ dáadáa. Láàárín 690 sí 720°C ni lúfà ń tẹ̀. Ẹ dúró tì í, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ewé ń wọ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Ẹ má lo agolo tí wọ́n fi síǹkì bò láéláé: èéfín rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.