Èsì: Èérún òòfà tó pọ́n, tó sì ṣù jọ

Arákùnrin wa ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní èérún irin tí ẹ ń pò fún ìwádìí jẹjẹrẹ kúrò ní dúdú, ó pọ́n bí ìpẹtà, ó sì ṣù jọ sí ìsàlẹ̀ ìgò lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ dé pH 7 (pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó; ní 7, kò kan rárá). Ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa ìkọ̀ọ̀kan.

Atẹ́gùn ló mú un pọ́n: magnétite (ìpara irin dúdú) ti di maghémite (ìpara irin tó pọ́n). Òòfà ṣì ń fà á, ẹ má dà á nù. Tí ẹ bá tún máa pò ó, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ gáàsì azote (náítírójìn) sínú omi mílílítà 100 fún ìṣẹ́jú 30, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ da iyọ̀ irin méjì sí i, FeCl₃·6H₂O gíráàmù 5,4 àti FeCl₂·4H₂O gíráàmù 2, ẹ gbé e dé 80 °C, kí ẹ wá da amóníà 25% mílílítà 10 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa rò ó kíkankíkan.

Ṣíṣù yẹn gan-an ló yẹ kó kọ yín lóminú. Ní nǹkan bíi pH 7, ojú èérún tí kò láṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní agbára iná tí yóò máa ti ara wọn sẹ́yìn. Ẹ fi acide citrique (ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́) gíráàmù 1 wọ̀ ọ́ láṣọ ní 90 °C fún wákàtí 1, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, àpò dialyse (àpò tó ń jẹ́ kí iyọ̀ jò jáde, tó sì ń dá èérún dúró) ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Òòfà kò ní tètè kó o mọ́.

Tó bá ṣù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni yóò gbé e mì kó tó débi kókó jẹjẹrẹ. Fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nìkan ni èyí wúlò: lójú IRM (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara), ẹran ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáká yóò dúdú, kókó yóò sì mọ́lẹ̀.