“A ó máa kọ́ wọn nílé”: ta ni “a”?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ méjì ni mo bí, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà. Iléèwé ìjọba ni wọ́n ń lọ. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti rí ohun tí tíṣà kọ sínú ìwé ìṣirò ẹ̀gbọ́n ló ti ń sọ pé kí àwọn méjèèjì fi iléèwé sílẹ̀, pé a ó máa kọ́ wọn nílé. Aránṣọ ni mí, inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ṣebí ilé náà ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n ń sunkún pé òun ò lọ mọ́, àbúrò ń sunkún pé òun fẹ́ lọ. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tí ò bá lọ síléèwé á ya òpè láàárín ẹgbẹ́. Alaalẹ́ la fi ń jà. Mo fi àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Kí ni kí n ṣe? Èmi, ẹni tọ́rọ̀ sú.”

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ojú mi sì ń padà sí ṣáá: “a”. A ó máa kọ́ wọn nílé. Ó dùn ún gbọ́, àfi bí ẹni pé gbogbo ilé ló fẹ́ dìde. Ìgbà tí mo dé ibi tó ti ní “ṣebí ilé náà ni o wà” ni mo tó mọ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo ló wà nínú “a” yẹn, ìwọ sì ni. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ṣùgbọ́n bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọkọ rẹ ò kàn déédéé bínú. Mo wo ojú ìwé tó o fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ọmọ ṣe 7 lọ́nà 8, ó kọ 56. Tíṣà fa igi pupa lé e, ó kọ 54 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kó ṣe àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọmọ náà ti to 54 kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò sì ní purọ́ fún ọ: èmi náà ti fa irú igi bẹ́ẹ̀ rí. Tó o bá ní ìwé ọmọ àádọ́ta níwájú ní aago mẹ́wàá alẹ́, ojú á máa ṣe bàìbàì. Àṣìṣe tíṣà ò dùn mí tó ìlà tí ọmọ yẹn fa sábẹ́ 54. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ọ́, torí ó ti rò ó pé bóun bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ẹkún tó ń sun pé òun ò lọ mọ́, ibẹ̀ ló ti wá, ó sì tó ohun tí bàbá rẹ̀ ń torí rẹ̀ bínú.

Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, mi ò rí ibi tẹ́nì kan ti gbé ìwé náà lọ bá tíṣà. Ẹ lọ. Kí bàbá rẹ̀ gbé e lọ, kí ọmọ náà bá a lọ, kí wọ́n fi sùúrù sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé tíṣà náà á bẹ̀bẹ̀. Tó bá sì fìbínú lé yín jáde, ẹ ti rí nǹkan kan mọ̀ nípa ibẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó kó báàgì ọmọ sílẹ̀, ẹ wádìí òfin kíkọ́ ọmọ nílé níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, torí kò bára mu káàkiri ayé. Ní Jámánì, dandan ni kọ́mọ lọ jókòó síléèwé. Àwọn òbí kan gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, kóòtù náà ò sì dá wọn láre lọ́dún 2006. Sweden náà ti há a mọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀ láti ọdún 2011. Ní Faransé, òbí kàn máa ń fi tó ìjọba létí tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ láti ọdún 2022, àfi kó gbàṣẹ. Ní Denmark, ẹ̀kọ́ ni dandan, iléèwé kọ́. Austria gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ á ṣèdánwò lọ́dọọdún. Kò sí èyí tó kà á léèwọ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ kan á béèrè èsì ìdánwò, òmíràn ò tiẹ̀ ní béèrè orúkọ yín. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ àdúgbò yín ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ tiyín. Ohun tẹ́nì kan sọ fún ọkọ rẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ òfin ìlú ẹlòmíì.

Tí òfin bá gbà yín láyè, iṣẹ́ ló kù. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ John Stuart Mill, ọdún 1806 ni wọ́n bí i. Àwọn tó fẹ́ràn kíkọ́ ọmọ nílé máa ń fi í yangàn. Kò lọ síléèwé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ èdè Gíríìkì lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ Látìn lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Tábìlì wọn ni mo fẹ́ kí ọkọ rẹ fọkàn yàwòrán. Bàbá ń kọ ìwé ńlá kan lórí ìtàn Íńdíà, orí tábìlì kan náà lọmọ ti ń kàwé. Kò tíì sí ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì sí Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ lè lò, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó, bàbá ló ń bi. Bàbá á gbé kálàmù sílẹ̀, á dáhùn, á tún mú un. Bàbá o, lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀. (Wọ́n tún fi kíkọ́ àwọn àbúrò kún iṣẹ́ Mill. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yìí, ọmọ ni. Wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ìbànújẹ́ kan bò ó tí ohunkóhun ò fi wù ú mọ́. Mi ò sọ pé ilé tó ti kàwé ló fà á, àmọ́ àwọn tó ń fi í yangàn kì í sábà dé ibẹ̀.)

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ tábìlì? Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà ti iléèwé pa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan jókòó sílé káàkiri ayé, ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi. Èmi tíṣà àgbà, mo ní kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kó gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ kán. Ó tún gbẹ́ ẹ, ó kán. Mo yíjú dáhùn fóònù, ìgbà tí n ó fi yíjú padà, pẹ́ńsù ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, gbogbo orí tábìlì wá kún fún èérún igi, a ò sì tíì kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo pariwo. Ó sunkún. Ní kíláàsì, mi ò jẹ́ pariwo nítorí pẹ́ńsù, nítorí tíṣà ni mí níbẹ̀. Nílé, ìyá àgbà ni mí, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwa méjèèjì tó mọ ọwọ́ ara wa. Lẹ́yìn náà, kí n má parọ́, ó dùn: wákàtí méjì péré, a ó ti ṣe ohun tí kíláàsì ń fi odindi àárọ̀ ṣe. Kò sí pípe orúkọ, kò sí pé à ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní wákàtí méjì yẹn, mi ò lè ṣe nǹkan mìíràn. Ìwọ ńkọ́, tí oníbàárà rẹ fẹ́ gbaṣọ lọ́sàn-án?

Ti ìyá ọkọ rẹ ò ní gbà wá lákòókò. Ọmọ tó ń kàwé nílé tó sì ń bá ẹgbẹ́ ṣeré kì í ya òpè, bẹ́ẹ̀ ni iléèwé kì í sọ gbogbo ọmọ di ọlọ́yàyà. Bẹ ọkọ rẹ náà pé kó dẹwọ́ lórí àwọn ìwádìí tó ń kà fún ọ pé àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń gba máàkì jù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àwọn òbí tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n wádìí lọ́wọ́ wọn, ta ni yóò sì yọ̀ǹda ọmọ tí ò mọ nǹkan kan?

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọmọ méjì fún yín ní ìdáhùn méjì, ẹ sì ń jà láti fún wọn ní ẹyọ kan. Àbúrò fẹ́ràn iléèwé. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ yẹn, ìbínú tí wọ́n bí nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí tíṣà, ẹ jẹ́ kó parí sáà yìí. Tí ìsinmi bá dé, ẹ dán kíkọ́ nílé wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ọkọ rẹ mú ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, yálà ní ìdájí kó tó jáde tàbí nígbà tó bá dé, kí ìwọ mú méjì. Ẹni tọ́jọ́ bá kàn ló máa múra iṣẹ́, òun ló máa jókòó tì í, òun ló máa gba ìwé wò. Tó bá lọ dáadáa, tí òfin sì gbà yín láyè, mi ò ní bá yín jà, ọmọ yẹn lè gbádùn rẹ̀ gan-an. Tí ìwọ nìkan bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà jókòó, ẹ dá a padà.

Tó bá sì máa gba ìwọ nìkan, ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Aṣọ mélòó lo máa dá dúró lóṣù, ta ló máa dí i? Iṣẹ́ ni rírán aṣọ, bí wọ́n tiẹ̀ ń rán an nínú ilé.

Lálẹ́ òní, tó bá tún ní “a ó máa kọ́ wọn”, má jà. Gbé bírò àti ìwé fún un, kó kọ ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ná.