Ẹ Bi Wá Léèrè: Ọmọ Méje Tó Pín Ilẹ̀ Bàbá Wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ìtàn Jámánì mo rí Saxe-Coburg, Saxe-Meiningen, Saxe-Gotha àti Saxe-Hildburghausen, Duke ló sì ń jẹ ní gbogbo wọn. Ṣé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbí ìdílé kan? (Òǹkàwé kan, Akẹ́sán, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ìdílé kan ni. Wettin ni orúkọ ìdílé náà. Saxe ni ilẹ̀ tí oyè wọn ti ṣẹ̀, Saxony lédè Gẹ̀ẹ́sì, Sachsen lẹ́nu àwọn ará Jámánì. Orúkọ tó tẹ̀lé e ni ìlú tí ààfin wà.

Ohun tó ń rú ọmọ Ọ̀yọ́ lójú níbẹ̀ ni pé a kì í pín ìtẹ́ Aláàfin. Ọmọ ọba lè pọ̀ títí, ẹnì kan ni yóò jẹ. Nígbà tí Adélù jọba lẹ́yìn Àtìbà tí Kúrunmí sì fárí gá, ìjà ẹni tí ipò tọ́ sí ni, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n la Ọ̀yọ́ sí méjì. Àwọn Wettin mú ìjọba bí oko bàbá ni. Orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín in láàárín àwọn ọmọkùnrin, gbogbo ọmọkùnrin ló sì ń jẹ́ Duke.

Ní 1485, Ernst àti Albrecht àbúrò rẹ̀ la Saxony sí méjì. Ẹ̀ka Ernst ló wà lára àwọn tó ń dìbò yan olú-ọba tó wà lórí gbogbo Jámánì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ́gun Johann Friedrich, olórí ẹ̀ka náà, lójú ogun ní Mühlberg ní 1547, oyè ńlá náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka Albrecht. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù fún ẹ̀ka Ernst ní agbègbè Thuringia kéré, síbẹ̀ wọn ò yé pín in. Ernst mìíràn láti ẹ̀ka yìí, Ernst ti Gotha, tí wọ́n ń pè ní Olùfọkànsìn, kú ní 1675 pẹ̀lú ọmọkùnrin méje láyé. Nígbà tí wọ́n pín in ní 1680, Friedrich mú Gotha àti Altenburg, Albrecht mú Coburg, Bernhard mú Meiningen, Heinrich mú Römhild, Christian mú Eisenberg, Ernst mú Hildburghausen, Johann Ernst àbíkẹ́yìn sì mú Saalfeld.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Owó orí ìlú díẹ̀ ni yóò bọ́ ààfin, ìjòyè àti ọmọ ogun. Gbèsè Hildburghausen pọ̀ débi pé olú-ọba rán ìgbìmọ̀ wá ṣàkóso owó wọn ní 1769.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ ya ìdílé yìí sórí káàdìbọ́ọ̀dù fún kíláàsì, àmọ́ Ernst ti pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn. Báwo ni kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ya ènìyàn, ìlú ni kí ẹ yà. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè wálẹ̀, 1680 títí dé 1918, kí ẹ wá fa ìlà méje sísàlẹ̀, ìlú kan fún ìlà kan. Weimar kò sí nínú méje yìí. Àtọmọdọ́mọ Wilhelm, ẹ̀gbọ́n Olùfọkànsìn, ló ni ín.

Ẹ pa ìlà mẹ́ta dé níbi tí Duke ti kú láìní ọmọkùnrin tí yóò jogún: Coburg ní 1699, Eisenberg ní 1707, Römhild ní 1710. Wọ́n jà lórí Coburg títí di 1735 kó tó di ti Saalfeld, nítorí náà ẹ so ìlà méjèèjì pọ̀ níbẹ̀. Ìdílé Gotha tán ní 1825. Ní 1826 àwọn mẹ́ta tó kù tún ilẹ̀ pín: Coburg gba Gotha, ó fi Saalfeld fún Meiningen, Duke Hildburghausen fi ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ fún Meiningen, ó kó lọ sí Altenburg. Ẹ fi bírò pupa ya ọfà wọ̀nyí.

Ọ̀pọ̀ ń ṣìnà ní 1826 yìí: Ernst III ti Coburg-Saalfeld di Ernst I ti Coburg àti Gotha. Ẹnì kan náà ni, ẹ má kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ rẹ̀ ni Albert tó fẹ́ Ọbabìnrin Victoria ní 1840. Albert kò jẹ Duke Coburg rárá; Ernst II, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló jẹ ẹ́ títí di 1893, kò sì fi ọmọ tí yóò jogún sílẹ̀. Alfred, ọmọ Victoria, ló jẹ tẹ̀lé e. Ní 1900 ó kan Carl Eduard, ọmọ ọdún 16, ọmọ-ọmọ Victoria. Ní 1917, bí ogun ṣe le, ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì ju orúkọ Saxe-Coburg nù, wọ́n di Windsor. Carl Eduard sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè ní November 1918, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa ìlà tó kẹ́yìn dé.