Bí Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ Kò Bá Tètè Mú Aṣọ Gbẹ Mọ́, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ̀rọ amáṣọgbẹ tí a ń lò nílé, oníná mànàmáná, kì í lò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ tẹ́lẹ̀ kí aṣọ tó gbẹ. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń tàn án kí táwẹ̀lì tó gbẹ. Bí a bá kó aṣọ jáde, yóò gbóná, síbẹ̀ omi ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Orí ẹ̀rọ náà kò ṣeé gbé ọwọ́ lé, yàrá tí ó wà sì máa ń kún fún ọ̀rinrin. Mo máa ń nu asẹ́ rẹ̀ tí ó ń gba èérún òwú déédéé. Ẹnìkan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kí a pààrọ̀ wáyà tí ó ń mú un gbóná. Ṣé kí a ṣe bẹ́ẹ̀, àbí kí a kúkú ra òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ ṣàlàyé fi hàn pé wáyà náà ń ṣiṣẹ́, nítorí bí ó bá ti já ni, aṣọ kò ní gbóná, orí ẹ̀rọ kò sì ní gbóná tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ó gbóná tí kò gbẹ, nínú yàrá tí ọ̀rinrin kún, ń sọ fún wa pé ooru wà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà jáde.

Ooru nìkan kọ́ ni ó ń mú aṣọ gbẹ. Ẹ̀rọ yìí a máa fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá, yóò gbà á kọjá lára wáyà gbígbóná, yóò sì darí rẹ̀ sínú àgbá tí ó ń yí, níbi tí afẹ́fẹ́ náà yóò ti gba omi ara aṣọ. Lẹ́yìn náà ni fáànù yóò fà á gba ojú asẹ́, tí yóò sì tì í gba inú páìpù jáde síta. Gbogbo omi tí ó wà lára aṣọ ni ó gbọ́dọ̀ bá páìpù yẹn lọ. Bí páìpù bá dí, ooru a há sínú ẹ̀rọ, ẹ̀yà tí ó ń ṣọ́ ooru a pa wáyà kí ó má baà gbóná jù, a tún tàn án, a tún pa á, báyìí ni àkókò yóò ṣe máa gùn sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, fíúsì kékeré kan tún wà tí ó máa ń já bí ooru bá pọ̀ lápọ̀jù, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi tuntun sí i láì yọ ohun tí ó dí páìpù, òmíràn yóò tún já fún un.

Ó dára pé ẹ ń nu asẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn aṣọ ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń lo bébà olóòórùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀, ẹ bu omi sí ojú asẹ́ náà: bí omi bá dúró sórí rẹ̀ tí kò jò kọjá, epo bébà yẹn ti bo ojú rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Síbẹ̀, bí asẹ́ ti lè mọ́ tó, èérún òwú díẹ̀ yóò máa kọjá lára rẹ̀ sínú páìpù, tí yóò sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá páìpù ni ó ní ẹjọ́ í rò, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ fà á síwájú, kí ẹ tú páìpù kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá tan iná sí i padà, kí ẹ fi aṣọ díẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí aṣọ náà bá yára gbẹ, inú páìpù ni ìṣòro wà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo gáàsì kò gbọ́dọ̀ dán èyí wò láé, nítorí èéfín gáàsì ń gba páìpù kan náà jáde, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì ní òórùn tàbí àwọ̀ tí ènìyàn fi lè mọ̀ pé ó ti ń ṣe òun ní jàǹbá.

Ẹ wo irú páìpù tí wọ́n lò pẹ̀lú, ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí àbùkù. Èyí tí a fi ọ̀rá ṣe, àti èyí tí ó tinrín bíi bébà, tí ènìyàn lè fún pọ̀ kí ó sì tún fà gùn, kò yẹ kí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí rárá: ìṣẹ́po inú wọn ń dá èérún òwú dúró, wọ́n máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ bí a bá ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri, bí iná bá sì ràn nínú wọn, wọn kò lè sé e mọ́. Páìpù irin tàbí alumíníọ́mù líle tí inú rẹ̀ dán, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ni ó tọ́. Bí ìwé ẹ̀rọ kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ má jẹ́ kí ó gùn ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, kí ẹ sì ka igun kọ̀ọ̀kan sí mítà 1.5 mọ́ gígùn náà. Téèpù alumíníọ́mù ni kí ẹ fi so ó pọ̀, kì í ṣe síkúrù tí ẹnu rẹ̀ yóò yọ sínú tí yóò sì máa gbá èérún òwú mú. Níta, ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń ṣí ni kí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń fi dí i nítorí ẹyẹ yóò dí pátápátá láàárín oṣù díẹ̀.

Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ yọ páìpù náà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó ní ọ̀pá gígùn ro inú rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, kí ẹ sì fa ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ń fa eruku. Bí ó bá parí, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ lọ síta: ìdérí náà gbọ́dọ̀ ṣí gbooro, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ ọwọ́ yín gidigidi. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé èérún òwú gbígbẹ a máa gbiná kíákíá. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn tàbí kí ẹ jáde, ẹ má sì jẹ́ kí àkísà tí ó ti mu epo wọ inú rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti fọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe di aṣọ kún inú àgbá, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún omi ara aṣọ dáadáa kí ó tó dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀kùn yàrá kékeré bá wà ní títì pinpin, ẹ ṣí i díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń tì síta gbọ́dọ̀ ti ibì kan wọlé.

Bí páìpù bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń jáde pẹ̀lú agbára, tí aṣọ ṣì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, a lè wá ronú kan wáyà náà nígbà náà, nítorí pé nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ní wáyà méjì, ọ̀kan lè já kí èkejì máa ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tí yóò tún un ṣe fi mítà tí a fi ń yẹ iná wò yẹ wáyà méjèèjì wò kí ó tó ra ohunkóhun.