Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tẹmómítà, Bàrómítà àti Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbé tẹmómítà kan kọ́ sára ògiri ìta ilé mi. Lọ́sàn-án, iye tó máa ń fi hàn máa ń fi nǹkan bíi dígírì 8 ju èyí tí wọ́n ń kà lórí rédíò lọ. Ṣé tẹmómítà mi ló bàjẹ́ ni, àbí iye ti orí rédíò ni kò péye?

Ìdáhùn: A kò rò pé tẹmómítà yín bàjẹ́, iye ti orí rédíò náà sì lè péye. Ibi tí ẹ gbé e kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí tẹmómítà ń sọ fún wa ni bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbóná tó. Bí oòrùn bá wá ń ta sí i lójú, tí ògiri tó ti ń yá oòrùn láti àárọ̀ sì ń mú un gbóná láti ẹ̀yìn, ooru méjèèjì ti dà pọ̀ mọ́ ti afẹ́fẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìgbóná afẹ́fẹ́ nìkan ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi tiwọn sínú àpótí funfun kan tí Thomas Stevenson, ẹnjiníà ọmọ Scotland, gbé kalẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìdagẹ̀rẹ̀, tí àlàfo wà láàárín wọn, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé oòrùn tàbí òjò ráyè wọlé. Ọ̀dà funfun ara rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ kí tẹmómítà inú rẹ̀ lè fi mítà 1.25 sí 2 ga sí ilẹ̀. Ní ìlàjì àríwá ayé, àríwá ni wọ́n máa ń kọjú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí; ní ìlàjì gúúsù, gúúsù ni, kí oòrùn má baà ta wọlé nígbà tí ẹni tó fẹ́ kà á bá ṣí i.

Bí ẹ bá wo inú àpótí náà, ẹ máa rí tẹmómítà méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan wà ní gbígbẹ; wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ìdí èkejì, etí aṣọ náà sì wà nínú omi, tí omi fi ń gbà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí omi yẹn ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe máa ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí kò tíì nura, nítorí náà iye ti tẹmómítà aláṣọ máa ń kéré sí ti èkejì. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá pọ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ ara wọn, ọ̀rinrin ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá bára dọ́gba, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Lójú tiwa, nínú gbogbo irinṣẹ́ ojú ọjọ́, kò sí èyí tó rọrùn tó báyìí tí ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ tó o.

Ẹ gbé tiyín kúrò lára ògiri, ẹ fi sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, kí ẹ sì dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó kà á.

Ìbéèrè: Bàbá mi fi bàrómítà olójú róbótó kan sílẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ “òjò”, “ìyípadà” àti “ojú ọjọ́ tó dára” sí i lójú. Láti ìgbà tí mo ti kó lọ sí orí òkè ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sórí “òjò”, òjò kò sì rọ̀. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ìdáhùn: Bàrómítà yín kò mọ òjò, ìwúwo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí rẹ̀ ló mọ̀. Ní ọdún 1643, ní Ítálì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Evangelista Torricelli rọ mẹ́kúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, kún ọ̀pá gíláàsì kan, ó sì dojú rẹ̀ dé inú abọ́ tí mẹ́kúrì wà. Mẹ́kúrì inú ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 76, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ti inú abọ́ mọ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kí ti inú ọ̀pá já wálẹ̀ tán. Ní ọdún 1648, Blaise Pascal, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, rán Florin Périer, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó dé orí òkè, mẹ́kúrì ti fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 8 wálẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó kù lókè orí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ohun tó ṣe ti Périer ló ṣe tiyín. Ìwọ̀n ìwúwo afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ létí òkun jẹ́ nǹkan bíi hectopascal 1013 (hectopascal ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́), bí a bá sì ṣe ń fi mítà 8 gòkè láti ibẹ̀ ló ń fi nǹkan bíi hectopascal 1 dín. Ẹ wo ẹ̀yìn bàrómítà náà, ẹ máa rí ìdè kékeré kan níbẹ̀; ẹ rọra fi túnàfíìsì yí i títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bá iye tí ibùdó ojú ọjọ́ tó sún mọ́ yín kéde lọ́jọ́ náà mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ṣe odindi. Bí ọwọ́ náà ṣe ń rìn ni kí ẹ máa wò: bó bá ń yára lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí ojú ọjọ́ fẹ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ olóoru, ìwọ̀n yìí máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, á sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láìsí ìjì kankan níbẹ̀. Aago kan náà ni kí ẹ máa kà á lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni òjò ṣe lè jẹ́ “mílímítà 20”, nígbà tó jẹ́ pé mílímítà ni a fi ń wọn gígùn?

Ìdáhùn: Bí omi òjò náà ì bá ṣe ga tó lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni, ká ní kò ṣàn, kò rì wọlẹ̀, kò sì gbẹ. Mílímítà 1 jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó, nítorí náà mílímítà 20 jẹ́ lítà 20.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo dá iṣẹ́ mi dúró, oòrùn sì ràn títí di alẹ́. Pẹ̀lú gbogbo sátẹ́láìtì tó wà lókè, kí ló ń fa irú àṣìṣe yìí?

Ìdáhùn: A bá yín kẹ́dùn iṣẹ́ yín tó dúró. Irinṣẹ́ kò ní agbára àti sọ ọ̀la. Bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú tí a kà á ló ń sọ. Òjò tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ ni rédà, irinṣẹ́ tó ń fi ìgbì rédíò wá òjò, ń rí. Sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè ń bá ayé yí, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ kì í fi í kúrò níbì kan, ṣùgbọ́n òkè ìkúùkù ló ń wò. Bálúùnù tí àwọn ibùdó ojú ọjọ́ káàkiri ayé ń jù sókè, lọ́pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ń ka ìgbóná, ọ̀rinrin àti ìwúwo afẹ́fẹ́ títí dé nǹkan bíi kìlómítà 30, kó tó bẹ́. Ìka tó tọ́ sí imú la fi í ro imú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ọ̀la.

Ìṣirò ló ń sọ ọ̀la, ìṣirò ọ̀hún sì le. Lewis Fry Richardson, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ ṣe irú rẹ̀ fún wákàtí 6 péré nínú ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1910, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922: ó bọ́ sí i pé ìwúwo afẹ́fẹ́ máa fi hectopascal 145 yí padà, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí rárá lọ́jọ́ náà. Ní 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tún ìṣirò kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Dípò 0.506127, ó tẹ 0.506. Nígbà tó padà wá wò ó, ojú ọjọ́ tí ìṣirò kejì gbé jáde ti yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ńláńlá kì í ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì máa yí iye ìbẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí 35 nínú 50 bá mú òjò wá, a jẹ́ pé ìdá 70 nìyẹn. Ọjọ́ kan kò tó láti fi dá irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹ máa kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ìdá 70 sílẹ̀. Bí wọ́n bá pé 30, kí òjò rọ̀ ní nǹkan bíi 21 nínú wọn ló yẹ. Bó bá jẹ́ 10 péré ló rọ̀, ẹjọ́ yín tọ́.