Èsì: Ìdílé tó gba ọmọ mi sílé ní Jámánì fẹ́ mú un lọ sí etíkun Faransé, ṣé yóò tún gba físà?

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, Ìyá Tóbi. Rárá, kò nílò físà míì. Ìwé ìgbélùú tí Jámánì fún un tó o lọ, fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180.

Èyí jẹ́ bí ìwé náà kò bá ní parí kó tó padà. Kó mú un dání pẹ̀lú páṣípọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ibẹ̀ kọjá sí Ìlú Ọba, ìyẹn gba físà tirẹ̀.

Ti omi ló ká mi lára jù. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá, odò Ògùn la mọ̀, a ò mọ òkun. Nígbà tí èmi náà ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan lókè òkun, ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ odò wẹ̀. Nínú omi tí kò ju orúnkún mi lọ ni ìgbì ti gbé mi ṣubú! Ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra.

Bí ó bá rí àsíá pupa, kó má wọ omi rárá. Ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wà nìkan ni kó ti wọ̀ ọ́. Bí omi bá ń fà á lọ, kó má bá a jà; kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè, kó pariwo.

Kó béèrè ṣáájú ohun tí wọ́n ń retí kó san. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ, ẹ fi adìrẹ Ìtòkú rán an sí ìyá ilé náà.